Ẹ̀rọ Agbọ́rọ̀ Dókítà Recalde

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí n sọ fún yín nípa ọkùnrin kan tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ Ọlọ́run ló wù ú o. Kò fẹ́ rọ òjò, kò fẹ́ mú oòrùn yọ, kò sì ráyè máa ka irun orí ẹnikẹ́ni. Ẹyọ kan ló wù ú: kó máa gbọ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ níkọ̀kọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Dókítà Herminio Recalde Ovelar, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ọ́fíìsì Ìfọ̀kànbalẹ̀ Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì ní ìlú Tacuaral àti gbogbo agbègbè tó yí i ká. Kò wo aláìsàn rí. Amòfin ni. Ní Paraguay wa níbí, amòfin tó bá ti lè wọ kóòtù kó sì jáde láìṣìnà, dókítà là ń pè é.

Láràárọ̀, ní aago méje ààbọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ méje tó wà ní ọ́fíìsì náà a tò sẹ́nu ọ̀nà láti kí i. Ẹni àkọ́kọ́ a ní ojú ọjọ́ ti dára láti ìgbà tí òun ti rí ọkọ̀ Dókítà lókèèrè. Ẹni kejì a ní òun lá àlá rẹ̀ mọ́jú. Ẹni kẹta kò ní ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí náà ṣe ni í kàn máa ń sunkún díẹ̀. Ẹni tó máa ń gbẹ̀yìn ni Calixto, awakọ̀ rẹ̀, tí òun àti Dókítà ti jọ wà nínú ọkọ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n tó gbọ́dọ̀ sáré gba ẹ̀yìnkùlé wá tò sórí ìlà, kó lè kí ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tí kò tíì fojú kàn án lọ́jọ́ náà. Dókítà a dúró, a wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a wá ní kí wọ́n má ṣe àṣejù. Bí wọn kò bá sì ṣe àṣejù lọ́jọ́ kejì, ó di ìwé ìbáwí.

Ilé àgbẹ̀ tó ń gbin gbágùúdá ni wọ́n bí Herminio sí. Títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìlá, ọ̀rọ̀ Sípéènì tó mọ̀ kò ju mẹ́rin lọ, èébú sì ni méjì nínú wọn. Guaraní, èdè ilẹ̀ wa, ló fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, òun ló fi jà, òun ló fi gbàdúrà, bíi ti gbogbo wa. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ rán an lọ sí Madrid fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tó sì fi máa padà dé, Guaraní ti bọ́ lára rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbàgbé agboòrùn sínú bọ́ọ̀sì. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i ní Guaraní, a yí sí Calixto, a ní, “Kí ni wọ́n wí?” Calixto a sì túmọ̀ rẹ̀.

Kí n má parọ́ fún yín: kò gbàgbé nǹkan kan. Guaraní ló ń fi lálàá, òun ló sì máa ń fi ka àtẹ̀gùn lábẹ́nú bó bá ń gun òkè. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló ń gbọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbẹ̀ kan wò ó láti òkè délẹ̀ níwájú ilé ìfowópamọ́, ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé orí ọkùnrin yìí dà bí elégédé tí wọ́n bó. Etí Dókítà pọ́n. Ó yíjú sí Calixto, ó béèrè ohun tí wọ́n wí. Calixto ní ìyá náà ní ọgbọ́n ń dán lórí Dókítà. Dókítà sì ní láti ṣí fìlà, kó tẹrí ba, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Báyìí ló ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bú u, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́.

Nǹkan tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ipò gómìnà. Ẹgbẹ́ Àpáta, ẹgbẹ́ tí a ń so ìborùn aláwọ̀ eérú mọ́rùn nítorí rẹ̀, fẹ́ dìbò abẹ́lé láti yan ẹni tí yóò dupò náà. Ní tiwa níbí, ẹni tí Àpáta bá fà kalẹ̀ ti wọlé tán. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń bá a du tíkẹ́ẹ̀tì náà, Eulalia Cabañas, nọ́ọ̀sì tó ti ń gun alùpùpù káàkiri abúlé fún ogún ọdún, tó ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò lẹ fọ́tò mọ́ ògiri, kò mọ àsọyé í sọ. Ohun tí Dókítà mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé gbogbo ọmọ agbègbè náà ló ti pa lẹ́kún, ó sì dá a lójú pé èyí yóò dùn ún nínú ìbò. Dókítà ní tirẹ̀ ti rán aṣọ méjì fún ọjọ́ ìbúra, ọ̀kan bí oòrùn bá ràn, èkejì bí òjò bá rọ̀.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kí ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn òun?

Nígbà náà ni ọkùnrin oníbàtà funfun kan dé láti òkè òkun, ó ń ta ẹ̀rọ. Àpótí irin ni, gíga rẹ̀ tó ti kọ́bọ́ọ̀dù, iná kékeré kan wà lórí rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Àpáta ti gba áàpù ẹgbẹ́ sórí fóònù wọn. Òótọ́ ni, gbogbo wa la gbà á, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá gbà á lè jẹ fírísà nínú tẹ́tẹ́ oríire. Áàpù yìí kan náà, ni ọkùnrin náà wí, ni ẹ̀rọ yóò gbà wọ inú fóònù, yóò sì máa kó gbogbo ohùn tí wọ́n bá fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ sì mọ̀ wá, àwa kì í tẹ̀wé sórí fóònù. Tereré, àgbo tútù tí a ń mu, á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù á wà lọ́wọ́ òsì, a ó sì máa wí títí omi tútù á fi tán nínú ìgò. Ẹ̀rọ yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀, yóò sì yà á sọ́tọ̀: àwọn tó fẹ́ràn Dókítà, àwọn tó kórìíra rẹ̀, àti àwọn tí kò bìkítà nípa rẹ̀. Bí ìfẹ́ bá pọ̀, iná á ní àwọ̀ ewé. Bí ìkórìíra bá pọ̀, á pọ́n.

Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ọkùnrin náà mú ìwé kan jáde láti kọ ohun tí wọn yóò gbé sínú ẹ̀rọ náà.

“Èdè mélòó ni àwọn ènìyàn yín ń sọ, Dókítà? Méjì ni ẹ̀rọ yìí lè gbọ́. A kì í gbowó èkejì.”

Calixto, tó ń bu tereré fún wọn, wúkọ́. Dókítà wo bàtà funfun ọkùnrin náà. Ó rò ó pé bí òun bá pe Guaraní, oko gbágùúdá ni ọkùnrin yìí yóò máa rí lójú òun títí ìpàdé yóò fi parí.

“Ẹyọ kan ni,” ni ó wí. “Sípéènì. Àwọn àgbàlagbà díẹ̀ wà ní oko tí wọ́n ní nǹkan kan tí wọ́n fi ń bá màlúù sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èrò màlúù kò kan ìjọba yìí.”

“Ọ̀fẹ́ ni o, Dókítà.”

“Dókítà mi,” ni Calixto wí, “ẹ jọ̀ọ́, bó bá ṣe pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n kúkú...”

“Calixto, bu tereré rẹ.”

Ọkùnrin náà kọ ẹyọ kan sílẹ̀. Kó tó lọ, ó ṣàlàyé pé ohunkóhun tí kò bá yé ẹ̀rọ, inú àpótí kan tí wọ́n ń pè ní ariwo àyíká ni yóò kó o sí, pẹ̀lú ìró atẹ́gùn, alùpùpù àti adìẹ.

Wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ayẹyẹ. Wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ìwé jáde láti fi àsíá juwọ́, Dókítà sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Mo wà níbẹ̀, díẹ̀ rèé nínú rẹ̀:

“Ẹ̀yin ènìyàn Tacuaral tí ọkàn mi yàn, láti òní lọ, kò sí ẹni tí yóò tún dá nìkan wà mọ́. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, mo wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń mí kanlẹ̀, mo ti gbọ́. Kí ni ìfẹ́, bí kò ṣe kí a máa tẹ́tí sí ẹni tí a fẹ́ràn? Ìfẹ́ ni ẹ̀rọ yìí, ẹ̀yin ará. Ìfẹ́ tí wọ́n kì sínú irin, tó ń lo iná mànàmáná.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí Àlùfáà Silvino wá fi omi mímọ́ wọ́n ẹ̀rọ náà. Bàbá béèrè iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe, wọ́n sọ fún un, ó sì wọ́n omi náà sára ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run á bù kún Bàbá. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbọ́ gbogbo ọkàn, ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbogbo bí Ó sì ṣe ń gbọ́ tó yẹn, kò tíì gé fóònù ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, iná ẹ̀rọ tàn ní àwọ̀ ewé àárọ̀. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ràn Dókítà. Òṣìṣẹ́ tó máa ń sunkún sunkún dáadáa lọ́jọ́ náà.

Kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹni tí kò bá wa gbé. Nínú fóònù wa, nígbà wo là ń sọ Sípéènì? Bí a bá ń kí olówó kú ọjọ́ ìbí ni. Bí a bá ń bá wọn kẹ́dùn òkú. Bí tíṣà bá ń pe ìpàdé òbí, tàbí bí ẹnìkan bá fẹ́ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́lá. Gbogbo èyí tó bá ní iyọ̀ lára, ìjà, ìfẹ́, ẹ̀fẹ̀, òfófó àti òṣèlú, Guaraní la fi ń sọ ọ́. Nítorí náà, “ọlọ́lá jùlọ” àti “kí Ọlọ́run bù kún yín” ni ẹ̀rọ ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo ọ̀rọ̀ ìlú sì ń lọ tààrà sínú àpótí ariwo àyíká.

Òṣìṣẹ́ kan béèrè ìdí tí ariwo fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ní atẹ́gùn máa ń fẹ́ ní Tacuaral. Nígbà tí ariwo kò dínkù, ó ṣe òfin lórí adìẹ. Láti ọjọ́ náà, adìẹ kankan kò gbọdọ̀ sún mọ́ fóònù ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́pàá ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, adìẹ tó bá sì rú òfin, wọ́n á gbé e lọ sí àgọ́. Ẹ má bi mí ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ní àgọ́. Òórùn ọbẹ̀ kì í tán níbẹ̀ lásìkò yẹn.

Ọ̀daràn kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ rí mú ní gbogbo agbègbè náà. Don Anastasio Leguizamón ni, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, tí kò sì lè wo bọ́ọ̀lù láìsọ Sípéènì. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, ó ní olè ni ọkùnrin yìí, afọ́jú ni, wọ́n ti fún un lówó, kí wọ́n lé e kúrò. Iná ẹ̀rọ pọ́n fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Wọ́n gé fóònù Don Anastasio fún ọgọ́ta ọjọ́. Ó kọ lẹ́tà pé rẹfirí ni òun ń bá wí. Dókítà dá a lóhùn pé ẹni tó bá ń bú rẹfirí lónìí, ọ̀la ni yóò bú gómìnà.

Calixto nìkan ló tún gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀ ni, wọ́n ń lọ sí ọ̀dọ̀ aránṣọ.

“Dókítà mi, ní ibùdókọ̀ lánàá, ṣe ni wọ́n ń sọ pé Ña Eulalia ni àwọn ó dìbò fún. Gbogbo wọn pátá ni.”

“Èdè wo ni wọ́n fi sọ ọ́?”

“Guaraní ni, sà.”

“Ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ. Ohun tí ẹ̀rọ kò bá gbọ́, Calixto, wọn kò sọ ọ́.”

Ṣùgbọ́n Dókítà fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ wà nílẹ̀, ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ àwọn obìnrin méjì tó ń ta búrẹ́dì chipa tí wọ́n ń sọ ọ́. Àyà rẹ̀ já. Ó sọ fún àyà rẹ̀ pé kó túmọ̀ ohun tó fà á tó fi já, àyà kò sì rí Sípéènì sọ. Bó ṣe dé ọ́fíìsì, ó lọ dúró níwájú ẹ̀rọ náà, ó wo iná aláwọ̀ ewé yẹn títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Nígbà tí ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí wọ́n dá àwọn ọkọ̀ tí yóò kó àwọn olùdìbò láti abúlé dúró. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe? Ìfẹ́ á gbé wọn wá. Dípò kó máa polongo, iwájú dígí ló wà, ó ń kọ́ bí gómìnà ṣe ń juwọ́ sí èrò. Nígbà tí alága àpapọ̀ ẹgbẹ́, Don Eligio Mongelós, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, wá láti olú ìlú láti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ, Dókítà dìde níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, ó ní bí òun kò bá gba ju ìdajì ìbò lọ, òun yóò fi tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, òun yóò sì fi ọ́fíìsì Ìfọ̀kànbalẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó ní kó búra. Òun ló búra fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún ní kí wọ́n kà á padà fún òun nítorí ó dùn létí òun.

Ọjọ́ Àìkú ni ìdìbò. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wá, wọ́n gun alùpùpù wá, àwọn kan fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ìgò tereré lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Eulalia Cabañas gba ìbò ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé igba. Dókítà Herminio Recalde Ovelar gba mọ́kànlélógójì. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, nítorí náà a kò tíì mọ àwọn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yòókù títí di òní, ẹnikẹ́ni kò sì jáde wá jẹ́wọ́.

Ó ní wọ́n ti yí ìbò. Lọ́jọ́ Ajé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé lórí ọkọ̀ akẹ́rù, Don Eligio jókòó síwájú, Eulalia jókòó sẹ́yìn nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé. Dókítà ní àwọn tó ka ìbò lè parọ́, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn kì í parọ́. Ẹ jẹ́ kí Tacuaral fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ju ọwọ́ bí gómìnà, òṣìṣẹ́ kan sì tẹ ẹ̀rọ.

Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. A kí Dókítà kú ọjọ́ ìbí. A bá ẹbí Benítez kẹ́dùn. Ìpàdé òbí yóò wáyé lọ́jọ́rú. A kí Dókítà kú ọjọ́ ìbí. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Don Eligio béèrè bóyá ohun tí ìlú yìí sọ láti oṣù kan kò ju ìyẹn lọ. Dókítà ní atẹ́gùn ló kù.

“Ẹ jẹ́ ká gbọ́ atẹ́gùn náà,” ni Don Eligio wí.

Òṣìṣẹ́ wo ojú Dókítà. Dókítà ń tún ìborùn rẹ̀ so. Wọ́n ṣí àpótí ariwo àyíká.

Guaraní tú jáde bí omi tí wọ́n ti sé mọ́ fún oṣù kan. Ohùn obìnrin kan ló kọ́kọ́ dé: fírísà tí wọ́n ní a ó jẹ dà? Herminio ti gbé e lọ sílé, ọgbọ́n rẹ̀ ló ń kó sínú rẹ̀ kó má bàa bà jẹ́. Ọkùnrin kan ní òun kò lè dìbò fún un, ó ní òun kí i lánàá, òun dárúkọ ara òun fún un, ó sì ní kí awakọ̀ túmọ̀ orúkọ náà. Òmíràn ń ṣàpèjúwe ìrìn rẹ̀, ó ní ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi joyè. Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Don Eligio, ọmọ oko bíi tiwa, tí kò sì tijú rẹ̀ rí, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bu omi fún un. Dókítà nìkan ló dúró gbọnrangandan, ẹ̀rín kékeré lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ògbufọ̀.

Lẹ́yìn náà, ohùn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àbúrò rẹ̀ ohun tí dókítà, èyí tó ń wo aláìsàn, sọ fún un nípa ọmú rẹ̀, tó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì jẹ́ kí ọkọ òun gbọ́. Ẹ̀rín dákẹ́. Láàárín gbọ̀ngàn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Celsa dìde, ó ní, “Ohùn mi nìyẹn.” Ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì wo ibòmíràn.

Eulalia ti dé iwájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Kò pariwo. “Ẹ pa á,” ni ó wí. “Ohun tí obìnrin yìí sọ fún àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló ni ín. Kì í ṣe ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ìjọba. Ta ló fún yín ní etí sínú ilé rẹ̀?”

Òṣìṣẹ́ ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ. Ibòmíràn ló tẹ̀. Ohùn àgbàlagbà obìnrin kan jáde, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò gbà pé fóònù ń gbọ́ òun.

“Herminio, èmi ni, ìyá rẹ. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń ránṣẹ́ sí ọ. Wọ́n ní o ti ra ẹ̀rọ kan tó ń gbọ́ gbogbo ènìyàn, mo ní bóyá wàá gbọ́ tèmi náà. Àwọn ọlọ́pàá ti kó adìẹ mi lọ o, wọ́n ní wọ́n sún mọ́ fóònù jù. Kì í ṣe nítorí adìẹ ni mo ṣe pè. Ṣé o ti jẹun?”

Ña Deolinda ni, ìyá tó bí i, ó ń dá gbé ní oko gbágùúdá, Sípéènì kò yé e. Herminio kì í ṣí ohùn tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, nítorí ẹni tó bá ṣí i ní ọ́fíìsì ti fi hàn pé òun gbọ́ ọ.

Don Eligio nu ojú rẹ̀, ó béèrè ohun tó ti gbọ́ tán. “Ta ni ìyá yìí, Dókítà? Kí ló ń wí?”

Herminio rò ó kíákíá, amòfin ló kúkú jẹ́. Bí òun bá ní òun gbọ́ Guaraní, á jẹ́ pé òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé adití ni ẹ̀rọ tí òun fi owó ìlú rà. Ọ̀nà kan ló kù.

“N kò mọ ìyá náà,” ni ó wí. “N kò gbọ́ èdè tó ń sọ.”

Bí àkùkọ bá wà nítòsí, ì bá ti kọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti kó gbogbo wọn lọ. Ajá kan ló gbó.

Don Eligio ní kí Calixto túmọ̀. Calixto wo ọ̀gá rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń túmọ̀ fún un, gbogbo èébú ló ń sọ di oyin. Lọ́jọ́ náà, kò fi nǹkan kan kún un.

“Ìyá wọn ni,” ni ó wí. “Wọ́n ní ṣé ó ti jẹun.”

Ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú fóònù wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ áàpù ẹgbẹ́ kúrò. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n yọ ń gbé tiwọn fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Don Eligio náà yọ tirẹ̀. Wọ́n ka ìbúra Dókítà jáde láti inú ìwé, kò sì dùn létí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ méje tò sẹ́nu ọ̀nà Eulalia, wọ́n ní àwọn lá àlá rẹ̀ mọ́jú. Ó béèrè bóyá kò sí ẹni tó níṣẹ́ tó ń ṣe nínú wọn. Celsa àti ọkọ rẹ̀ ní tiwọn gba ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba lọ, àwọn igba àti méjìlá mìíràn sì tẹ̀lé wọn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé kóòtù nìyẹn. Agbẹjọ́rò Herminio, tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé tẹ́lẹ̀, jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó là á yé e. Ohun tó wà nínú ẹjọ́ náà kò pọ̀: bó bá jẹ́ pé kò gbọ́ Guaraní, òmùgọ̀ tí wọ́n tàn jẹ ni, òfin kò sì ní ẹ̀wọ̀n fún òmùgọ̀, owó ìtanràn ni. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ ọ, ó mọ ohun tí ẹ̀rọ ń kó jọ, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, ẹ̀wọ̀n sì nìyẹn. Nítorí náà, akọ̀wé kóòtù yóò bi í léèrè èdè tó fẹ́ fi rojọ́, bí òfin ṣe wí. Kó dáhùn pé Sípéènì. Kó má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Herminio ní ó yé òun.

Gbogbo ìjókòó ti kún. Ña Deolinda ti wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ wá láti oko, gbágùúdá bíbọ̀ wà nínú aṣọ lórí itan rẹ̀, bóyá wọ́n á fún ọmọ náà láyè láti jẹun. Ó jókòó síwájú pátápátá. Àdúgbò ti sọ fún un pé Sípéènì ni wọn yóò máa sọ, kò ní í yé e. Ó ní kò burú, òun á kàn máa wo ẹnu rẹ̀.

Akọ̀wé dìde. “Dókítà Herminio Recalde Ovelar, èdè wo ni ẹ ó fi sọ̀rọ̀, Sípéènì àbí Guaraní?”

Agbẹjọ́rò rẹ̀ mi orí sí i láti fún un ní ìgboyà. Herminio la ẹnu. Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ti fi ọwọ́ ti etí rẹ̀ síwájú, ọrùn rẹ̀ ti gùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

“Guaraní,” ni ó wí, ní Guaraní.

Agbẹjọ́rò rẹ̀ pa ìwé dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀. Herminio sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ ti bàtà funfun, ó sọ ti èdè kejì tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sọ ti orí elégédé, ó sọ iye ìgbà tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bú u. Kò dúró láti sinmi. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń fi oṣù kún ẹ̀wọ̀n rẹ̀, akọ̀wé ń sáré kọ ọ́, àwọn ènìyàn ń fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pa á mọ́ra.

Obìnrin tó jókòó ti Ña Deolinda tẹ̀ sí i létí, ó ní ṣé ìyá ò gbọ́ bí ọmọ wọn ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

“Mo ń gbọ́ ọ,” ni ìyá wí. “Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.”